Aṣọ ìbora onírépé Gee's Bend

Aṣọ ìbora onírépé Gee's Bend ni àwọn aṣọ ìbora àti ohun èlò ilé mìíràn tí àwọn obìnrin Adúláwọ̀ ìletò Gee's Bend àti àwọn abúlé tí ó yí i ká ń fi ìrépé aṣọ rán, ní agbègbè Wilcox, ìpínlẹ̀ Alabama, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Irú aṣọ yìí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní quilt. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ìyá ti ń fi iṣẹ́ náà kọ́ àwọn ọmọ wọn. Òtútù ni wọ́n kọ́kọ́ ń rán an fún, kì í ṣe ọjà. Láti ọdún 1966 ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn ará ìlú ńlá. Láti ọdún 2002 ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti ń fi í hàn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, nígbà tí ó sì di ọdún 2021, àwọn tí ń rán an bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fúnra wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, ìbéèrè kan kò yé jẹ yọ: ta ni èrè iṣẹ́ náà tọ́ sí? Ọ̀nà tí wọ́n gbà dáhùn rẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà ni ó mú kí ọ̀rọ̀ Gee's Bend wúlò fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tí ó sì fẹ́ tà á.

## Ohun tí aṣọ onírépé jẹ́

Ìpele mẹ́ta ni aṣọ ìbora onírépé máa ń ní. Èkíní ni ojú aṣọ, èyí tí a fi ìrépé oríṣiríṣi rán pọ̀. Èkejì ni òwú tí a tẹ́ sí àárín kí aṣọ náà lè mú ooru. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀yìn aṣọ, tí ó sábà máa ń jẹ́ aṣọ kan ṣoṣo tàbí àpò tí a tú palẹ̀. A óò wá fi abẹ́rẹ́ rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Rírán yìí ni kì í jẹ́ kí òwú àárín ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀ tàbí kí ó kó jọ sí igun kan nígbà tí a bá fọ aṣọ náà.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣe àwọn ohun èlò ilé mìíràn tí kò tóbi tó aṣọ ìbora: aṣọ ìrọ̀rí, aṣọ tí a ń tẹ́ sórí tábìlì, aṣọ tí a fi ń gbé ìkòkò gbígbóná, àti aṣọ tí a ń gbé kọ́ sára ògiri.

## Ìtàn ìletò náà

Ibi tí odò Alabama ti ṣẹ́ kọ́rọ́ ni Gee's Bend wà, omi sì yí i ká ní apá mẹ́ta. Orúkọ tí ìjọba fún un lónìí ni Boykin, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ ni àwọn ènìyàn ṣì ń pè é. Joseph Gee, ọkùnrin kan tí ó wá láti North Carolina, ni ó dá oko òwú sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1816, àwọn ẹrú ni ó sì ń lò. Ní ọdún 1845, nítorí gbèsè, oko náà bọ́ sí ọwọ́ ìbátan ìdílé Gee kan tí ń jẹ́ Mark Pettway. Nígbà tí Pettway ń kó bọ̀ láti North Carolina, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹrú ni ó kó wá, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi rìn débẹ̀. Orúkọ olówó wọn ni wọ́n ń jẹ́. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwọn tí a ó dárúkọ nínú àyọkà yìí fi ń jẹ́ Pettway, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà.

Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí, àwọn ènìyàn náà kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìpín nínú ìkórè san owó ilẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ń ra irúgbìn àti oúnjẹ ní àwìn lọ́wọ́ oníṣòwò, tí wọ́n á sì fi òwú san án nígbà ìkórè. Nígbà tí iye owó òwú já wálẹ̀, gbèsè gun orí gbèsè. Ní ọdún 1932, oníṣòwò kan ní Camden tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ ní gbèsè kú, àwọn tí ó jogún ìwé gbèsè náà sì wá gba ẹ̀tọ́ wọn. Nǹkan bí 60 ìdílé ni wọ́n kó oúnjẹ, ẹran ọ̀sìn àti irinṣẹ́ oko lọ mọ́ lọ́wọ́. Oúnjẹ tí ẹgbẹ́ Red Cross fi ránṣẹ́ wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ebi pa wọ́n ní ìgbà òtútù ọdún náà.

Lẹ́yìn èyí, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lábẹ́ Ààrẹ Franklin Roosevelt ra ilẹ̀ oko àtijọ́ náà. Wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n sì yá àwọn ìdílé lówó kí wọ́n lè ra ilẹ̀ àti ilé náà díẹ̀díẹ̀. Arthur Rothstein, ayàwòrán ìjọba, ya àwọn ènìyàn Gee's Bend ní ọdún 1937. Àwọn fọ́tò rẹ̀ wà lára àwọn ẹ̀rí tí a fi mọ bí ìletò náà ṣe rí kí ilé titun tó dé. Ilẹ̀ tí wọ́n rà yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ Adúláwọ̀ ní agbègbè náà ṣì ń gbé lórí ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, ọ̀pọ̀ ará Gee's Bend ti ní ilẹ̀ tiwọn, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ìbínú lé wọn kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ìjà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò bẹ̀rẹ̀, a rí ìwúlò ilẹ̀ náà. Martin Luther King wá sí Gee's Bend ní oṣù Kejì ọdún 1965, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Àmọ́ Camden, tí ó jẹ́ olú ìlú agbègbè Wilcox, ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ó sì wà ní òdì kejì odò. Láti ọdún 1962 ni wọ́n ti dá ọkọ̀ ojú omi tí ń gbé èrò sọdá dúró. Ẹni tí ó lè rí Camden láti etídò ní láti wakọ̀ yí odò po fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan kí ó tó débẹ̀. Ọdún 2006 ni ọkọ̀ náà tó padà. Ìròyìn tí J. R. Moehringer kọ nípa ọkọ̀ náà àti nípa Mary Lee Bendolph, ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ ìletò náà, gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 2000.

## Bí wọ́n ṣe ń rán an

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí ó ń ra aṣọ titun fún iṣẹ́ yìí. Ṣòkòtò iṣẹ́ tí ó ti gbó, ẹ̀wù oko, aṣọ àwọn obìnrin, àpò ìyẹ̀fun àti àpò ajílẹ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á gbá òwú tí ó ṣẹ́ kù jọ ní ibi tí wọ́n ti ń yọ kóró rẹ̀, wọ́n á fi igi lù ú títí yóò fi rọ̀, wọ́n á sì tẹ́ ẹ sí àárín aṣọ. Àwọn ilé pákó ìgbà náà kò lè dí afẹ́fẹ́ tútù mọ́ta. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ aṣọ ìbora ni wọ́n máa ń tò lé ara wọn kí àwọn ọmọ tó lè sùn.

Ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà pín sí méjì. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ni ó máa ń dá ojú aṣọ tirẹ̀ rán, òun nìkan ni ó sì ń pinnu bí yóò ṣe rí. Nígbà tí ojú aṣọ bá parí, àwọn obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á pàdé nílé ẹnì kan. Wọ́n á na ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí férémù igi, wọ́n á jókòó yí i ká, wọ́n á sì jùmọ̀ rán an mọ́ra wọn. Orin ìjọ àti àdúrà kì í wọ́n níbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ni ó ni ọnà, ṣùgbọ́n ọwọ́ púpọ̀ ni ó parí iṣẹ́.

A lè rí ìgbésí ayé àwọn oníṣẹ́ lára aṣọ náà. Lára aṣọ tí a fi ṣòkòtò iṣẹ́ rán, ojú ibi tí orúnkún ti gbó àti ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀ tí oòrùn kò pa láró ṣì máa ń hàn. Aṣọ kan tí ó gbajúmọ̀ ni èyí tí Missouri Pettway rán ní ọdún 1942. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó kó àwọn aṣọ iṣẹ́ ọkùnrin náà jọ, ó gé wọn, ó sì fi wọ́n rán aṣọ ìbora. Ọmọbìnrin rẹ̀, Arlonzia Pettway, tí ó bá a gé aṣọ náà, ni ó ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà: ìyá rẹ̀ fẹ́ máa fi ohun tí ọkọ rẹ̀ wọ̀ bora, kí ó lè máa rántí rẹ̀.

## Àwọn bátànì

Kì í ṣe pé àwọn aránṣọ Gee's Bend kò mọ bátànì tí gbogbo Amẹ́ríkà ń lò. Wọ́n mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í tẹ̀ lé wọn bí ẹni ń tẹ̀ lé òfin. Díẹ̀ nínú àwọn bátànì tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn nìyí:

- Housetop (òrùlé): ègé aṣọ kan ni wọ́n fi ń ṣe àárín, wọ́n á sì máa rán ọ̀já aṣọ yí i po ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí yóò fi tóbi. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rò pé òun ń wo òrùlé ilé láti òkè.
- Bricklayer (birikìlà): ègé aṣọ ni wọ́n ń tò bí ẹni ń to bíríkì, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, ní ìpele bí àtẹ̀gùn.
- Lazy Gal (ọmọge ọ̀lẹ): ọ̀já gígùn gbọọrọ ni wọ́n ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àwọn ọmọdé sábà máa ń fi èyí kọ́ iṣẹ́ nítorí pé ó rọrùn.
- My Way (bó ṣe wù mí): èyí kò ní bátànì kankan. Ojú àti ọwọ́ aránṣọ nìkan ni ó ń darí rẹ̀.

Bí ìlà kan bá wọ́, wọn kì í tú u. Bí aṣọ pupa bá tán lójijì, wọ́n á fi àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ojú ọ̀run parí ibi tí ó kù. Àìtó aṣọ ni ó kọ́kọ́ fa èyí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ó di ohun tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Òun náà ni àwọn onímọ̀ ọnà rí tí ẹnu fi yà wọ́n.

## Ẹgbẹ́ Freedom Quilting Bee

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1965, Francis X. Walter, àlùfáà ìjọ Episcopal tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀tọ́ àwọn Adúláwọ̀ ní agbègbè náà, rí aṣọ onírépé mẹ́ta tí wọ́n sá sórí okùn níta ilé kan. Ó rò ó pé àwọn ará New York yóò ra irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin náà ní dọ́là 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tà wọ́n ní gbàǹjo ní New York.

Láti inú èyí ni àwọn obìnrin náà ti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1966, wọ́n sì pè é ní Freedom Quilting Bee. Abúlé Rehoboth, tí kò jìnnà sí Gee's Bend, ni wọ́n fi ṣe ibùdó. Estelle Witherspoon ni ó darí ẹgbẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ti pàdánù iṣẹ́ tàbí ibùgbé nítorí pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Nígbà tí ẹgbẹ́ rí owó, wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n kọ́ ilé ìránṣọ tí wọ́n fi orúkọ Martin Luther King pè ní ọdún 1969, wọ́n sì ta apá kan nínú ilẹ̀ náà fún àwọn ìdílé tí onílẹ̀ ti lé jáde. Nínú ìtàn agbègbè Wilcox, owó abẹ́rẹ́ di ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè fi dẹ́rù bà wọ́n mọ́.

Ilé ìtajà ńlá Bloomingdale's rajà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1972, ilé iṣẹ́ Sears gbé iṣẹ́ fún wọn láti máa rán aṣọ ìrọ̀rí tí a fi aṣọ kọ́dúrọ́ì ṣe. Iṣẹ́ Sears yìí mú owó oṣù wọlé déédéé, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí rí. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ilé ìtajà ńlá fẹ́ kí ohun gbogbo rí bákan náà: ìwọ̀n kan, àwọ̀ kan, ìlà tí ó tọ́ gbọọrọ. Kò sí ààyè fún bó ṣe wù mí nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin náà á rán ti Sears ní ọ̀sán, wọ́n á kó ìrépé kọ́dúrọ́ì tí ó ṣẹ́ kù lọ sílé, wọ́n á sì fi rán aṣọ ìbora bí ọkàn wọn ṣe fẹ́. Ìdí nìyí tí aṣọ kọ́dúrọ́ì fi pọ̀ lára àwọn aṣọ Gee's Bend tí wọ́n rán ní àwọn ọdún 1970. Ẹgbẹ́ náà kógbá sílé ní ọdún 2012.

## Wíwọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé

William Arnett, ará Atlanta tí ń kó iṣẹ́ ọnà àwọn Adúláwọ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà jọ, rí fọ́tò aṣọ kan tí Annie Mae Young rán nínú ìwé kan. Ó wá Annie Mae Young lọ sí Gee's Bend ní ọdún 1998, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra aṣọ lọ́wọ́ òun àti àwọn mìíràn. Àwọn aṣọ àtijọ́ tí a ti ká sábẹ́ ibùsùn, tí àwọn kan tilẹ̀ ti fẹ́ sun níná kí ẹ̀fọn lè lọ, ni wọ́n wá di ohun tí a ń fi owó ńlá rà.

Ní ọdún 2002, àfihàn *The Quilts of Gee's Bend* ṣí ní Museum of Fine Arts ní Houston. Ní ọdún kan náà, ó dé Whitney Museum ní New York. Alámèyítọ́ ọnà ìwé ìròyìn The New York Times, Michael Kimmelman, yìn ín gidigidi, ó sì fi í wé iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ńlá Yúróòpù bíi Matisse àti Klee. Ní ọdún 2003, àwọn aránṣọ náà dá Gee's Bend Quilters Collective sílẹ̀ láti máa ta iṣẹ́ wọn. Ní ọdún 2006, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà tẹ sítáǹpù mẹ́wàá tí àwòrán aṣọ wọn wà lára rẹ̀. Ní ọdún 2015, Mary Lee Bendolph, Lucy Mingo àti Loretta Pettway gba ẹ̀bùn National Heritage Fellowship, tí ó jẹ́ ẹ̀bùn ìjọba àpapọ̀ tí ó ga jù lọ fún ọnà ìbílẹ̀.

## Ẹjọ́ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́

Bí òkìkí ti ń kàn, àwòrán àwọn aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ìwé, ẹní àti oríṣiríṣi ọjà mìíràn. Ní ọdún 2007, àwọn aránṣọ mẹ́ta, tí Annie Mae Young àti Loretta Pettway wà lára wọn, pe Arnett, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ kan lẹ́jọ́. Ẹ̀sùn wọn dá lórí owó tí ó wọlé láti ara aṣọ àti àwòrán aṣọ wọn, èyí tí wọ́n ní kò tó wọn lọ́wọ́ bí ó ti yẹ. Àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́ sọ pé àwọn kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n parí ẹjọ́ náà láàárín ara wọn ní ọdún 2008, láìjẹ́ pé ilé ẹjọ́ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

Ẹjọ́ náà jẹ́ kí ìyàtọ̀ kan yé àwọn ènìyàn. Títa aṣọ yàtọ̀ sí títa ẹ̀tọ́ lórí ọnà tí ó wà lára aṣọ náà. Ẹni tí ó ra aṣọ lè fi bora, ó lè gbé e kọ́ ògiri, ó sì lè tún un tà. Kò túmọ̀ sí pé ó lè tẹ ọnà náà sára ẹgbẹ̀rún ife kí ó sì máa tà wọ́n. Arnett fúnra rẹ̀ dá àjọ Souls Grown Deep Foundation sílẹ̀ ní ọdún 2010. Àjọ náà ń gbé iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Adúláwọ̀ Gúúsù lọ sí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì ń ṣiṣẹ́ kí owó ẹ̀tọ́ lórí àwòrán iṣẹ́ wọn lè máa dé ọwọ́ àwọn tí ó ni ín.

Ọ̀rọ̀ náà tún jáde ní ọdún 2024, nígbà tí ilé ìtajà Target gbé àwọn ọjà tí a fi ọnà àwọn aránṣọ Gee's Bend márùn-ún ṣe jáde. Ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press ròyìn pé owó kan pàtó ni wọ́n san fún àwọn aránṣọ náà, kì í ṣe ìpín nínú iye tí wọ́n rí lórí ọjà.

## Títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ra aṣọ Gee's Bend ní láti wá sí ìletò náà tàbí kí ó gba ọwọ́ alágbàtà. Ìrìn àjò náà jìn, ìletò náà kò sì ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá tàbí ọjà ńlá. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé ní ọdún 2020, àwọn àlejò tí ń wá dáwọ́ dúró.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, àjọ Souls Grown Deep àti àjọ Nest, tí ń ran àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́, pẹ̀lú ìkànnì ìtajà Etsy, ran àwọn aránṣọ kan lọ́wọ́ láti ṣí ìsọ̀ lórí Etsy. Aránṣọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìsọ̀ tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Èyí ni ó mú kí ètò yìí yàtọ̀ sí àwọn ti ìṣáájú. Ní ìgbà Sears, orúkọ ilé ìtajà ni oníbàárà mọ̀. Ní ìgbà àfihàn, orúkọ ìletò ni ó gbajúmọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oníbàárà mọ ẹni tí ó rán aṣọ tí òun rà, aránṣọ náà ni ó sì ń sọ iye tí yóò tà á.

### Bí ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun tí aránṣọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ni kí ó ya fọ́tò ọjà rẹ̀ dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán dára ju ti iná lọ, nítorí pé iná máa ń yí àwọ̀ aṣọ padà lójú ẹni tí ń wò ó. A máa ń ya odindi aṣọ, a ó ya ibi ìránpọ̀ láti ìtòsí, a ó sì ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí, a ó kọ gígùn àti ìbú rẹ̀, irú aṣọ tí a fi ṣe é, bí a ti ń fọ̀ ọ́, àti bóyá ọwọ́ ni a fi rán an tàbí ẹ̀rọ. Bí aṣọ àlòkù bá wà lára rẹ̀, ó yẹ kí a sọ ọ́, kí oníbàárà má baà pe ojú ibi tí ó gbó ní àléébù.

Ìkànnì ìtajà máa ń gba owó tirẹ̀. Lórí Etsy, oníṣòwò ń san sẹ́ńtì 20 láti pàtẹ ọjà kan fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tí ọjà bá tà, ìkànnì ń gba ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2022 ni ó ti rí bẹ́ẹ̀, ìdá 5 ni tẹ́lẹ̀. Fún oníṣòwò tí ó wà ní Amẹ́ríkà, a tún ń yọ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún àti sẹ́ńtì 25 fún ìgbowó. Nítorí náà, bí aṣọ ìrọ̀rí kan bá tà ní dọ́là 100, tí a kò bá ka owó ìfìránṣẹ́ àti owó orí, ohun tí yóò kúrò nínú rẹ̀ ni dọ́là 9 àti sẹ́ńtì 95. Dọ́là 90 àti sẹ́ńtì 5 ni yóò kù. Inú èyí ni oníṣẹ́ yóò ti yọ owó aṣọ, òwú àti okùn, kí ó tó mọ ohun tí ó jẹ́ owó ọwọ́ rẹ̀.

Owó ọwọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kì í kà. Odindi aṣọ ìbora lè gba ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Ẹni tí ó bá fi iye tí ilé iṣẹ́ ńlá ń ta aṣọ ìbora ẹ̀rọ díwọ̀n tirẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ lásán. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ fi ń pàtẹ oríṣi ọjà méjì: àwọn kékeré bí aṣọ ìgbékòkò àti aṣọ ìrọ̀rí, tí wọ́n ń tètè parí tí owó wọn kò pọ̀, àti àwọn ńlá tí owó wọn pọ̀, tí wọn kì í sì í tètè tà.

### Àwọn ìṣòro

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà aránṣọ kò mọ kọ̀ǹpútà lò, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n sì sábà máa ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ bójú tó ìsọ̀. Bákan náà ni aláfarawé wà. Ẹnikẹ́ni lè rán bátànì òrùlé, kí ó sì pè é ní Gee's Bend. Orúkọ aránṣọ tí a kọ sára aṣọ àti ìsọ̀ tí a mọ ẹni tí ó ni ín ni ààbò tí ó dájú jù lọ fún oníbàárà.

## Ìbátan pẹ̀lú ilẹ̀ Áfríkà àti àwọn Yorùbá

Àwọn onímọ̀ bíi Robert Farris Thompson ti tọ́ka sí ìjọra tí ó wà láàárín aṣọ onírépé àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà àti aṣọ ìwọ̀ oòrùn Áfríkà tí a ń hun ní ọ̀já tóóró kí a tó rán an pọ̀, bí a ti ń ṣe aṣọ òfì. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àìní àti irú aṣọ tí ó wà lárọ̀ọ́wọ́tó ti tó láti ṣàlàyé rẹ̀. Ìjọra nìkan kò tó láti fi ẹ̀yà kan ṣe orísun ọnà náà.

Ìbátan ẹ̀jẹ̀ dájú ju èyí lọ. Arlonzia Pettway máa ń sọ ìtàn ìyá òbí àgbà rẹ̀, Dinah Miller, tí wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú kó wá láti Áfríkà. Òpìtàn Hannah Durkin, nínú ìwé rẹ̀ *The Survivors of the Clotilda* (2024), kà á mọ́ àwọn tí ọkọ̀ Clotilda kó dé Mobile, ní Alabama, ní ọdún 1860. Láti Ouidah, ní orílẹ̀-èdè tí ń jẹ́ Benin lónìí, ni ọkọ̀ náà ti kó nǹkan bí 110 ènìyàn. Ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ̀lú léèwọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn inú ọkọ̀ náà ni ó ń sọ èdè Yorùbá. Ẹni tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Kossola, tí a tún mọ̀ sí Cudjo Lewis. Bí ó bá rí gẹ́gẹ́ bí Durkin ti kọ ọ́, ìdílé kan nínú àwọn aránṣọ Gee's Bend tan mọ́ àwọn tí ọkọ̀ ẹrú ìkẹyìn tí a mọ̀ kó dé Amẹ́ríkà.

## Lóde òní

Iye ènìyàn tí ń gbé Gee's Bend kò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì ti wá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Airing of the Quilts, èyí tí wọ́n fa orúkọ rẹ̀ yọ láti inú àṣà sísá aṣọ ìbora sí oòrùn kí ìgbà òtútù tó dé. Ní ọjọ́ náà, aṣọ máa ń wà lórí okùn níwájú àwọn ilé, àwọn àlejò sì máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ ẹni tí ó rán an. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn aránṣọ àkọ́kọ́, bíi Loretta Pettway Bennett, ṣì ń rán aṣọ. Ibi tí ó kù sí ni bóyá èrè rẹ̀ yóò tó láti mú kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn wọn di abẹ́rẹ́ mú.